Bí Ọ̀nà Bá Yí Padà, Ẹ Jẹ́ Kí Ọkọ̀ Dúró Ná



Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìdílé kan mọ́ láàárín wa, ì báà ṣe ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, tí kò ní ẹnì kan tí ó ti wọ ọkọ̀ òfúrufú rí. Ọmọ ẹni lọ kàwé ní ilẹ̀ Faransé, àbúrò ẹni ń ṣiṣẹ́ ní Abidjan tàbí ní Libreville, ìyá àgbà lọ kí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kútọnu ni púpọ̀ nínú wọn ti ń gbéra, ní pápá ọkọ̀ òfúrufú Cadjèhoun tí ó ń jẹ́ orúkọ Kádínà Bernardin Gantin, ọmọ ilẹ̀ wa.

Àwọn tí ó ti wọ ọkọ̀ náà mọ ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á ní kí gbogbo èrò di ìgbànú mọ́ra, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ́ra lọ́ra. Lójijì á dúró. Awakọ̀ á sọ̀rọ̀ pé wọ́n ti yí ọ̀nà tí àwọn yóò gbà gbéra padà, pé kí èrò jọ̀wọ́ ní sùúrù fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà náà ni ìkùnsínú á bẹ̀rẹ̀. Èkíní á ní, “Kí ni wọ́n tún ń ṣe?” Èkejì á ní, “Ọ̀nà tí ó wà níwájú wọn gbalaja yìí, ṣé wọn kò rí i ni?”

Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ tí inú ń bí wa sí yìí, ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn kò dúró, tí a kò sì rí wọn mọ́.

Ọ̀nà kan, orúkọ méjì

Ọ̀nà gígùn tí ọkọ̀ òfúrufú ń sáré lórí rẹ̀ kí ó tó fò, òun ni a ó máa pè ní ọ̀nà ìsáré. Ọ̀nà ìsáré ti Kútọnu kan ṣoṣo ni, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 2,400 mítà. Ṣùgbọ́n orúkọ méjì ni ó ní. Ẹni tí ó bá dúró ní ìpẹ̀kun kan yóò rí 06 tí wọ́n kọ gàdàgbà sórí ilẹ̀; ẹni tí ó bá dúró ní ìpẹ̀kun kejì yóò rí 24.

Nọ́ńbà yìí kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n kàn fi sí i lásán. Ibi tí atọ́nà inú ọkọ̀ ń kọjú sí ni ó ń sọ. A pín àyíká ayé sí ọ̀nà 360; a mú òdo ìkẹyìn kúrò, ó sì kù nọ́ńbà kúkúrú. 06 túmọ̀ sí pé ọkọ̀ kọjú sí 60, èyí ni ìhà àríwá ìlà-oòrùn. 24 túmọ̀ sí 240, ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀nà kan náà ni, ẹnu méjì ni ó ní.

Èwo ni awakọ̀ yóò gbà? Afẹ́fẹ́ ni ó máa ń pinnu rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ wo lékeléke létí omi: bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ó máa ń kọjú sí i kí ó tó fò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ òfúrufú. Afẹ́fẹ́ tí ń gba orí apá rẹ̀ kọjá ni ó ń gbé e sókè, kì í ṣe eré orí ilẹ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọkọ̀ kan nílò kí afẹ́fẹ́ máa gba orí apá rẹ̀ ní 260 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí afẹ́fẹ́ bá ń bọ̀ níwájú rẹ̀ ní 20, eré 240 lórí ilẹ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ 20 náà bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, àfi kí ó sáré 280 kí ó tó lè gbéra. Ìyàtọ̀ 40 kì í ṣe ohun kékeré lórí ọ̀nà tí ó ní ìpẹ̀kun. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá kò fi gbọ́dọ̀ gbéra bí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn bá ti ju nǹkan bí 18 kìlómítà ní wákàtí kan lọ.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin apẹja mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó yí padà. Òjò lè ṣú ní ìhà kan, kí afẹ́fẹ́ tí ó ti ń bọ̀ láti àárọ̀ yí ẹ̀yìn padà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà náà, àwọn olùdarí tí ó wà nínú ilé ìṣọ́ yóò sọ nínú rédíò pé ọ̀nà ti yí padà. Ní pápá ńlá tí ó ní ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n tún lè yí i nítorí pé ọkọ̀ pọ̀ jù ní apá kan, tàbí nítorí pé wọ́n ń tún apá kan ṣe. Àṣẹ náà kì í ju gbólóhùn kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí ó ń dá sílẹ̀.

Kí ni ó ń yí padà?

Kí ọkọ̀ tó kúrò ní ìdíkọ̀, àwọn awakọ̀ méjèèjì ti ṣe ìṣirò púpọ̀ fún ọ̀nà tí wọ́n ń retí. Bí ọ̀nà bá yí padà, ó lè jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni ó bàjẹ́.

Èkíní ni gígùn ọ̀nà: ó lè kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èkejì ni agbára ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ kì í fi gbogbo agbára rẹ̀ gbéra nígbà gbogbo. Bí ọ̀nà bá gùn tí ẹrù kò sì pọ̀, a máa ń dín in kù kí ẹ́ńjìnì lè pẹ́. Agbára tí ó tó fún ọ̀nà gígùn lè má tó fún ọ̀nà kúkúrú.

Ẹ̀kẹta ni ìyára ìpinnu. Bí ohun kan bá bàjẹ́ kí ọkọ̀ tó sáré dé ìyára yìí, awakọ̀ lè dá a dúró. Bí ó bá ti kọjá rẹ̀, àfi kí ó fò, nítorí ọ̀nà tí ó kù kò tó láti dúró mọ́. Ẹ̀kẹrin ni ìyára tí a ó fi gbé imú ọkọ̀ sókè.

Ẹ̀karùn-ún ni ohun tí a ó máa pè ní apá kékeré. Lẹ́yìn àti níwájú apá ńlá ọkọ̀ òfúrufú, àwọn irin pẹlẹbẹ kan wà tí a lè nà síta, kí apá náà lè fẹ̀ kí ó sì tẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ti rí wọn bí wọ́n ti ń yọ jáde. Àwọn ni ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá lè fò nígbà tí eré rẹ̀ kò tíì pọ̀. Ní ọ̀pọ̀ jùlọ ọkọ̀ ńlá, bí wọn kò bá jáde, ọkọ̀ náà kò ní lè gòkè bí ó ti yẹ.

Ẹ̀kẹfà ni ọ̀nà ojú ọ̀run: ibo ni a ó yà sí bí a bá ti gbéra, báwo ni a ó ti ga tó, òkè tàbí ilé gíga wo ni ó wà níwájú? Èkeje, bí ẹ́ńjìnì kan bá kú, ibo ni a ó gbà padà? Ẹ̀kẹjọ, ọ̀nà wo ni a ó rìn lórí ilẹ̀ láti dé ibi tuntun yìí, níbi tí ọ̀nà kéékèèké pọ̀ bí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ọjà?

Ẹ rí i pé awakọ̀ tí ó dúró kò rí ọ̀nà tì. Ó rí ọ̀nà. Ìṣirò ni ó ń tún ṣe.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Detroit

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1987, ọkọ̀ òfúrufú Northwest Airlines kan, nọ́ńbà ìrìnàjò rẹ̀ 255, fẹ́ gbéra ní Detroit ní Amẹ́ríkà, ó ń lọ sí Phoenix. Irú ọkọ̀ tí a ń pè ní MD-82 ni. Ènìyàn 155 ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní ìdíkọ̀. Òjò ń ṣú káàkiri, afẹ́fẹ́ sì ń yí.

Ìròyìn pápá tí àwọn awakọ̀ ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ sọ pé àwọn ọ̀nà 21 ni wọ́n ń lò, èyí tí ó kọjú sí ìhà gúúsù. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, olùdarí sọ fún wọn pé ọ̀nà 3C ni wọn yóò gbà. Èyí kọjú sí ìhà àríwá. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2,590 mítà, ó sì kúrú ju àwọn tí wọ́n ti ń retí lọ.

Iṣẹ́ tuntun dé. Igbákejì awakọ̀ ní láti gbọ́ ìròyìn pápá tuntun nínú rédíò, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó ṣí ìwé wò bóyá ọkọ̀ náà kò wúwo jù fún ọ̀nà 3C, kí ó sì tún máa dá àwọn olùdarí lóhùn. Ọkọ̀ ń rìn lọ ní gbogbo ìgbà yìí. Wọ́n kọjá ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti yà. Wọn kò yí rédíò sí ibi tí wọ́n ní kí wọ́n yí i sí. Wọ́n tún ní láti bèèrè ọ̀nà.

Ní àkókò yìí gan-an ni igbákejì awakọ̀ máa ń na apá kékeré síta. Ní àkókò yìí gan-an ni wọ́n sì máa ń ka ìwé àyẹ̀wò ìrìn orí ilẹ̀, tí ó ń bèèrè nípa apá kékeré náà. Àwọn tí ó wádìí ọ̀ràn náà gbọ́ ohùn tí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ gbà sílẹ̀. Wọn kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìwé àyẹ̀wò yẹn.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, àmì kékeré kan yọ: ohun èlò tí ń di agbára ẹ́ńjìnì mú fúnra rẹ̀ kọ̀, kò dúró, nítorí wọn kò tíì tò ó bí ó ti yẹ. Wọ́n tò ó, wọ́n sì ń sáré lọ. Ẹ̀rọ ìkìlọ̀ wà nínú ọkọ̀ náà tí ó yẹ kí ó ké pé apá kékeré kò tíì jáde, ṣùgbọ́n iná kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì ké.

Ọkọ̀ gbé imú sókè, ó kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gòkè. Apá rẹ̀ gbá òpó iná ní ibi tí wọ́n ń kó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí, ní nǹkan bí 840 mítà sí ìpẹ̀kun ọ̀nà ìsáré. Ó wó lulẹ̀ sójú títì. Ènìyàn 154 nínú ọkọ̀ àti ènìyàn 2 tí ó wà nílẹ̀ ni ó kú. Ọmọdébìnrin ọlọ́dún 4 kan ṣoṣo ni wọ́n rí yọ láàyè.

Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ sọ ìdí rẹ̀ gbangba: àwọn awakọ̀ kò lo ìwé àyẹ̀wò láti rí i dájú pé apá kékeré ti jáde. Wọ́n fi kún un pé àìsí iná lọ́dọ̀ ẹ̀rọ ìkìlọ̀ dá kún un. Awakọ̀ àgbà náà kì í ṣe ẹni tuntun nínú iṣẹ́. Kì í ṣe àìmọ̀ ni ó pa wọ́n.

Ìyá tí ó ń se ọbẹ̀

Báwo ni ẹni tí ó ti ṣe ohun kan ní ẹgbẹ̀rún ìgbà ṣe lè gbàgbé rẹ̀? Ẹ̀yin ìyá wa lè dáhùn ìbéèrè yìí jù wá lọ. Ìyá kan ń se ọbẹ̀. Ó ti mú iyọ̀ lọ́wọ́, ó fẹ́ dà á sí i. Àlejò kan kan ilẹ̀kùn. Ó gbé iyọ̀ kalẹ̀, ó lọ kí àlejò, ó fún un ní omi, ó padà dé ìdí iná. Ní ọkàn rẹ̀, iyọ̀ ti wà nínú ọbẹ̀. Ó rántí pé òun mú un lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà débi pé ọkàn rẹ̀ kò ka ibi tí ó dúró sí. Ìgbà tí wọ́n bá tọ́ ọ wò ni wọn yóò mọ̀.

Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkàn awakọ̀ rí. Iṣẹ́ tí a dá dúró láàárín ni ó léwu jù, nítorí ó ń dà bí èyí tí a ti parí. Yíyí ọ̀nà padà ni àlejò tí ó kan ilẹ̀kùn.

Ó tún ṣẹlẹ̀ ní Madrid ní ilẹ̀ Sípéènì, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2008. Kì í ṣe ọ̀nà ni ó yí padà níbẹ̀. Ọkọ̀ MD-82 ti Spanair ti dé ẹnu ọ̀nà ìsáré nígbà tí àwọn awakọ̀ rí àbùkù kan, wọ́n sì padà sí ìdíkọ̀ kí wọ́n tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n tún jáde, apá kékeré kò jáde, ẹ̀rọ ìkìlọ̀ kò sì ké. Nínú ènìyàn 172, 154 kú. Ìdádúró láàárín iṣẹ́ ni, àti ìkánjú láti bá àkókò tí ó ti lọ.

Bí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ti ń ṣe é

Àwọn àgbà wa sọ pé a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ti kọ́ ọgbọ́n yìí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ìlànà. Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ti máa ń lọ.

Ìmúrasílẹ̀ ni àkọ́kọ́. Bí awakọ̀ bá rí i pé afẹ́fẹ́ ń yí, yóò ti ṣe ìṣirò fún ọ̀nà méjèèjì ní ìdíkọ̀, nígbà tí ọkọ̀ ṣì dúró. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó ti ronú sí ọ̀nà kejì tẹ́lẹ̀ kì í ta gìrì bí wọ́n bá pè é.

Bí àyípadà bá dé nígbà tí ọkọ̀ ti ń rìn, ẹni tí ń wa ọkọ̀ yóò kàn máa wa ọkọ̀. Ojú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò níta. Kò dára kí àwọn méjèèjì tẹ orí ba sínú ìwé àti kọ̀ǹpútà nígbà kan náà tí ọkọ̀ ń lọ. Èyí tí ó dára jù ni pé kí wọ́n sọ fún ilé ìṣọ́ pé àwọn kò tíì ṣe tán, kí wọ́n bèèrè ibi tí wọ́n lè dúró sí, kí wọ́n fa bíréèkì, kí ọkọ̀ dúró gbagidi.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á yí ọ̀nà padà nínú kọ̀ǹpútà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Boeing, bí a bá ti yí ọ̀nà padà, kọ̀ǹpútà náà á pa àwọn ìyára tí a ti kọ sínú rẹ̀ rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìṣirò àná gbéra lónìí. Àwọn awakọ̀ á ṣe ìṣirò tuntun, olúkúlùkù lọ́tọ̀, láìwo ti ẹnì kejì, wọ́n á sì fi wé ara wọn. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, wọ́n á wá ibi tí àṣìṣe wà. Wọ́n á tún apá kékeré wò bóyá ó wà ní ibi tí ìṣirò tuntun ní kí ó wà.

Ẹni tí yóò fò ọkọ̀ náà á wá sọ ohun tí ó yí padà fún ìkejì rẹ̀ ní ohùn rara: a ó yà sí ọ̀tún dípò òsì, a ó ga dé ibi báyìí, bí ẹ́ńjìnì kan bá kú ohun báyìí ni a ó ṣe. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á ka ìwé àyẹ̀wò. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: bí wọ́n bá dá ìwé náà dúró láàárín, wọn kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n rò pé àwọn dé. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ní ẹnu ọ̀nà ìsáré, wọ́n á wo pátákó pupa tí wọ́n kọ nọ́ńbà funfun sí, wọ́n á wo nọ́ńbà orí ilẹ̀, wọ́n á sì wo atọ́nà inú ọkọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ sọ ohun kan náà.

Láti ọdún 1981 ni òfin ti wà ní Amẹ́ríkà pé àwọn awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ tí kò kan iṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń rìn lórí ilẹ̀ láti lọ gbéra, tàbí nígbà tí ó ń gbéra, títí yóò fi ga tó nǹkan bí 3,000 mítà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ káàkiri ayé ń tẹ̀lé irú ìlànà yìí.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n

Nínú yàrá awakọ̀, àgbà wà, ọmọdé sì wà. Ní ilẹ̀ wa, ó ṣòro fún ọmọdé láti sọ fún àgbà pé ó ń gba ọ̀nà tí kò tọ́. Ó ṣòro níbòmíràn pẹ̀lú. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lexington, ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2006. Ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ọkọ̀ Comair 5191 gba àṣẹ láti gbéra lórí ọ̀nà 22, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2,135 mítà. Wọ́n yà sórí ọ̀nà 26, tí kò ju nǹkan bí 1,067 mítà lọ, tí kò sì ní iná. Bí wọ́n ti ń sáré, igbákejì sọ pé ó ṣàjèjì pé kò sí iná. Ọ̀gá rẹ̀ gbà pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní, “Ẹ jẹ́ kí a dúró.” Ọ̀nà tán kí wọ́n tó lè fò. Nínú ènìyàn 50, 49 kú. Igbákejì yẹn nìkan ni ó yè.

Òwe wa sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lónìí, wọ́n ń kọ́ àwọn awakọ̀ ní òtítọ́ yìí gẹ́gẹ́ bí apá kan iṣẹ́ wọn. Wọ́n ń kọ́ ọmọdé láti sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ṣùgbọ́n láìfi igbá bo ó: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, a kò tíì ka ìwé àyẹ̀wò. Ẹ jẹ́ kí a dúró.” Wọ́n sì ń kọ́ àgbà láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ pé kò sí ewu rárá.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo

Ẹnì kan lè ní, “Kí ni ìdí tí ènìyàn méjì fi ń ṣe ìṣirò kan náà?” Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 2009, ọkọ̀ Emirates kan fẹ́ gbéra ní Melbourne ní Ọsirélíà, ó ń lọ sí Dubai. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 362.9. Wọ́n tẹ 262.9 sínú kọ̀ǹpútà. 3 di 2, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà náà kò mọ̀. Ó ṣírò agbára kékeré fún ọkọ̀ ńlá. Ìrù ọkọ̀ fọ́ ilẹ̀ ní ìpẹ̀kun ọ̀nà, ó bá àwọn ohun èlò ibẹ̀ jẹ́, agbára káká ni ó fi gòkè. Ènìyàn 275 ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n padà sílẹ̀ ní àlàáfíà, kò sì sí ẹni tí ó fara pa.

Ní Kútọnu níhìn-ín, a kò tíì gbàgbé ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2003. Ọ̀ràn ti ọjọ́ yẹn kì í ṣe ti yíyí ọ̀nà padà, ṣùgbọ́n ti ìṣirò ni. Ọkọ̀ Boeing 727 tí ó ń lọ sí Beirut wúwo jù, ẹrù rẹ̀ kò sì wà ní ìdọ́gba. Àwọn awakọ̀ kò mọ iye tí ọkọ̀ náà wúwo gan-an. Ó sáré dé ìpẹ̀kun ọ̀nà ìsáré 2,400 mítà, ó gbá ilé kékeré kan tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì wó sí etí òkun. Ó lé ní 130 ènìyàn tí ó kú. Àwọn tí ó gbé ẹrù lọ sí etí òkun ọjọ́ yẹn láti ran àwọn tí ó yè lọ́wọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn ohun tí ìṣirò òfúrufú túmọ̀ sí.

Kí ni ó kàn wá?

Ẹ̀yin ará, a lè rò pé ọ̀rọ̀ awakọ̀ nìkan ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tí ó ń kánjú, ẹnì kan ni ó ń lé e. Ilé iṣẹ́ ń ka ìṣẹ́jú rẹ̀. Ilé ìṣọ́ ń bèèrè bóyá ó ti ṣe tán. Ọkọ̀ márùn-ún wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwa èrò sì ń kùn, a ń wo aago, a ń bú àwọn ọmọbìnrin tí ń tọ́jú wa nínú ọkọ̀. Gbogbo èyí ń wọnú yàrá awakọ̀.

Nítorí náà, a ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta.

Èkíní, fún ẹni tí ó ń rìnrìn àjò. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà ti yí padà, ẹ jókòó, ẹ fi ìgbànú yín sílẹ̀ bí ó ti wà, ẹ má dìde lọ gbé àpò. Ẹ sọ fún ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tí ń bínú pé ìṣirò ni wọ́n ń tún ṣe, pé iṣẹ́ rere ni. Bí ẹ bá sì ń di ẹrù láti ilé, ẹ jẹ́ kí ìwúwo tí ẹ sọ jẹ́ òtítọ́. Gàrí tí a fi pamọ́ sí abẹ́ aṣọ náà ń wúwo.

Èkejì, fún ẹni tí ó ń dúró de àlejò ní ìlú òdìkejì. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, ẹ má sọ pé awakọ̀ kò mọ iṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n gan-an.

Ẹ̀kẹta, fún gbogbo ìdílé. Ìlànà tí ó gba ọkọ̀ òfúrufú là yìí wúlò nílé pẹ̀lú. Bí ìyá bá ń wọn oògùn fún ọmọ tí wọ́n sì pè é, kí ó má ṣe bá a lọ láti àárín nígbà tí ó bá padà. Kí ó ka ìwé ara ìgò náà láti òkè. Bí bàbá bá ń ka owó ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé, kí ó tún un kà. Bí awakọ̀ tasín bá gbọ́ pé wọ́n ti dí ọ̀nà tí ó mọ̀, kí ó dúró ní ẹ̀bá títì kí ó bèèrè, kì í ṣe kí ó máa sáré kí ó sì máa bèèrè lórí tẹlifóònù. Bí ọmọ kékeré bá sì sọ pé, “Bàbá, ẹ kò tíì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀,” ẹ má pa á lẹ́nu mọ́.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí awakọ̀ fi fa bíréèkì tí ó sì ṣí ìwé àyẹ̀wò láti òkè kò sọnù. Àwọn ènìyàn 156 ti Detroit ì bá fi tayọ̀tayọ̀ fún un ní wákàtí kan. Ọkọ̀ tí ó pẹ́ tí ó sì gúnlẹ̀ ní àlàáfíà kò tíì pẹ́ jù.